Etu Pa Ẹnu Mọ́ Níwájú Ìkookò

"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lórí Etu àti Ìkookò ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jí iṣu wà lóko Ìmàdò. Etu ti gba ẹ̀bá oko náà kọjá láàárọ̀, ó lọ já ewé fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kò fọwọ́ kan iṣu, ṣùgbọ́n Ìkookò mú un, ó tì í mọ́lé.

Ìkookò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, sọ ibi tó o lọ, kó o máa lọ sílé."

Etu rántí Ọ̀bọ, tó sọ ibi tó lọ, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dè é. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Níwájú ọba ni n ó ti sọ̀rọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi Òòrẹ̀ sì wà níbẹ̀."

Ìkookò gbé ẹ̀pà fún un, Etu kò sọ̀rọ̀. Ìkookò fi ẹ̀wọ̀n hàn án. Etu wá forin dáhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀,
*Ẹnu mi, tèmi ni.*
Wọ́n fún mi lẹ́pà jẹ,
*Ẹnu mi, tèmi ni.*
Wọ́n fẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà mí,
*Ẹnu mi, tèmi ni.*

Nígbà tó sú Ìkookò, ó mú Etu lọ sí ààfin, Òòrẹ̀ náà sì wá bá wọn níbẹ̀. Ọba Erin bi Ìkookò pé, "Kí lo rí lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kábíyèsí, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni."

"Ṣé ìyẹn ni mo bi ọ́? Ẹ̀rí dà?"

Ìkookò ní kò sí. Ọba ní kí wọ́n tú Etu sílẹ̀.

Etu bú sẹ́kún. Òòrẹ̀ rọra nu ojú rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, pé ẹnì kan dákẹ́ kò sọ ọ́ di olè. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí n kólòlò títí dọ̀la.