Tú Ọ̀rá Ẹnu Táńkì Ná

"Kí o tó pe mẹkáníìkì lólè, tú ọ̀rá ẹnu táńkì rẹ ná." Ní Àgọ́-Ọ̀sán, níbi tí wọ́n bí mi sí, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ènìyàn má gbọ́ òwe yìí. Àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ọ̀rá tí à ń sọ? Ta ló so ó, kí ló sì fẹ́ fi mú? Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló so ó, mo sì wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n tú u.

Tísà Ayédùn ni orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, iṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di ẹni tí kì í gba ìdáhùn kankan àfi tí ó bá rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní òjò ń bọ̀, yóò jáde lọ wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni, àmọ́ Tísà a máa mu oògùn náà ní àmuyó.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú àwọn tuntun tó ní ọpọlọ bíi ti kọ̀ǹpútà, tí iná wẹ́wẹ́ máa ń tàn níwájú awakọ̀ bí nǹkan bá ń ṣe é. Orúnkún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fọláṣàyọ̀, ló torí rẹ̀ rà á. Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màmá náà ní láti dé ọsibítù, òkè Olókùúta tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ kì í sì í ṣe òkè tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè fẹsẹ̀ gùn.

Mùdáṣírù, tí gbogbo wa ń pè ní Mùdá, ló ń bá a tọ́jú mọ́tò náà. Tísà ló kọ́ Mùdá níwèé mẹ́fà, òun náà ló sì ṣe onídùúró fún un nígbà tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí inú rẹ̀ yí padà sí Mùdá, ó dùn ún bí ẹni pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló dà á.

Ohun kékeré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mùdá pààrọ̀ fítà tó ń sẹ́ epo, ó wa mọ́tò jáde láti dán an wò, ó sì dá a padà fún un. Tísà yọjú wo ibi tí wọ́n ti ń rí iye epo tó kù, ó rí i pé ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Ẹlòmíì á ní èyí tí wọ́n fi dán an wò ló lọ. Ti Tísà yàtọ̀. Nígbà tí ó délé, ó mú ọ̀rá omi kan tí wọ́n ti mu inú rẹ̀ tán, ó là á, ó nà án bo ẹnu táńkì, ó fi òwú dúdú so ó mọ́ ọrùn rẹ̀ ní kókó mẹ́ta tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Lẹ́yìn náà ló wá dé ìdérí lé e, ó fún un pinpin. Ó ní ẹni tó bá fa epo òun báyìí, òun á mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀, nítorí ẹni tó dẹ pàkúté kì í polongo fún eku.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mọ́tò kú ní ẹsẹ̀ òkè Olókùúta. Agbára rẹ̀ kọ́kọ́ ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, iná pupa sì tàn níwájú. Tọkọtaya jókòó síbẹ̀ fún bí wákàtí kan kí ó tó tún jí, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ti dé láti ọsibítù, Tísà wà á lọ sọ́dọ̀ Mùdá.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fọkàn bá mi lọ. Kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù Mùdá, ó dúró lẹ́yìn ògiri kan, ó tú ọ̀rá, ó tì í bọ àpò. Kò fẹ́ kí Mùdá rí kókó náà kí ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Bí ó bá sì ti dé ṣọ́ọ̀bù, kò nílò ọ̀rá mọ́, ojú ara rẹ̀ ló ń fi ṣọ́ ọ. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò kọjú sí ẹ́ńjìnnì, yóò máa ka sípánà bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde.

Mùdá wa mọ́tò náà gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta, kò kú. Ó so ẹ̀rọ tó ń bá ọpọlọ mọ́tò sọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà ní epo kò dé ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀, epo wà ní ìdajì táńkì. Ó fọ gbogbo ọ̀nà epo, ó dá a padà. Tísà tún so ọ̀rá rẹ̀ nílé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò kú síbi tó kú sí tẹ́lẹ̀. Tísà tún tú ọ̀rá, ó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù, Mùdá pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ibi kan náà.

"Bàbá, mi ò rí ohun tó ń ṣe é mọ́ o," ni Mùdá wí.

"O ò rí i? Tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, ara rẹ̀ á le. Tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, á kú. Ìyẹn ò ṣe ọ́ ní kàyéfì?"

"Ó ń yà mí lẹ́nu, Bàbá."

"Kò ya èmi lẹ́nu."

Nínú ọgbọ́n Tísà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan sàn, òun náà ló mọ ibi tó ti ń kó àìsàn sí i lára. Ó ní Mùdá ti yọ ojúlówó pọ́ọ̀ǹpù lára mọ́tò òun, ayédèrú ló fi síbẹ̀. Ó jí kútẹ́ẹ̀sì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, ó fi sàmì sí pọ́ọ̀ǹpù náà kí Mùdá má bàa tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò tún ti ọ̀dọ̀ Mùdá dé, ó yẹ àmì rẹ̀ wò, ó bá a níbi tó fi í sí. Ó mi orí. Ó ní Mùdá ti lọ ra kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ kan náà. Kí lẹ fẹ́ kí ènìyàn sọ sí irú rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mọ́tò kú, kò sì tètè jí. Ìyá Fọláṣàyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ gun òkè Olókùúta, ó ń di orúnkún mú, ó ń dúró, ó ń lọ. Tísà dúró ti mọ́tò, ó ń wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, omi sì lé sójú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti pinnu pé Mùdá yóò fi irin búra.

Òfin ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ìlú wa ni. Ẹni tí oníbàárà bá fẹ̀sùn kàn pé ó ń ba mọ́tò òun jẹ́, yóò fi sípánà ara rẹ̀ kan ahọ́n níwájú gbogbo ẹgbẹ́, yóò búra pé ọwọ́ òun mọ́. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ pa, kò ní ṣiṣẹ́ ní Àgọ́-Ọ̀sán mọ́. Kódà bó bá búra, ìròyìn á ti tàn pé wọ́n fa Mùdá dé ìdí irin. Ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá fún un? Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní apá kejì. Kí wọ́n tó búra, ẹgbẹ́ fúnra wọn ni yóò lọ gbé mọ́tò náà níbi tó sùn sí, wọ́n á wà á títí àìsàn rẹ̀ yóò fi dé, kò sì ní sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án nínú olùfisùn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Alága ẹgbẹ́ nígbà náà ni Ìyá Ìbíyẹmí, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná mọ́tò, tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Tísà gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò wá fún un. Nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Tísà kò tíì mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Bó ṣe sáré bọ́ sóde, Alága ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti jókòó síbi awakọ̀. Bàbá mi ní kí n bá wọn lọ, kí ẹbí lè ní ojú níbẹ̀. Bí èmi, Tísà àti Mùdá tí wọ́n mú dání ṣe kó sínú mọ́tò nìyẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wa.

Ní ẹsẹ̀ òkè Olókùúta, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Alága so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ó ní, "Epo ò dé ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Tísà ké. "Pọ́ọ̀ǹpù tó fi síbẹ̀ nìyẹn!"

Mùdá mú sípánà rẹ̀ jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ. Ó ní, "Alága, mo ti ṣetán. Àmọ́ bí mo bá fi irin yìí kan ahọ́n nítorí Bàbá, tí àwọn fúnra wọn ṣe onídùúró fún mi, mi ò mọ ohun tí mo tún lè máa pè wọ́n."

"Ní sùúrù ná," ni Alága wí. "Tí epo ò bá dé, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń bọ̀." Ó sì kọrí sí ẹ̀yìn mọ́tò.

"Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ o! Nǹkan mi wà níbẹ̀!"

Gbogbo wa yíjú sí Tísà. Alága ṣí ìdérí. Ọ̀rá náà ti wọnú ọrùn táńkì lọ, ó le, ó sì jìn bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín mọ́. Alága fi abẹ gé òwú dúdú náà. Fùùùù! Táńkì fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó fà á, ó fà á, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Alága padà síbi awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mọ́tò ń mí," ni Alága wí. "Bí epo bá ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ní láti máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ wà lára ìdérí fún un, ọ̀rá yìí ló sì dí i. Ta ló so ó?"

"Èmi ni," ni Tísà dáhùn.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí olè."

"Olè wo, Tísà?"

Mo ti rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú ìbínú, mo ti rí i nínú ọ̀fọ̀, n kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ó rìn lọ bá Mùdá, ó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kan ahọ́n ara rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, "Mo fi irin búra, ọmọ yìí kò jí nǹkan mi rí."

Mùdá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. "Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ ká padà lọ gbé Màmá, òní Ìṣẹ́gun ni."

Láti ọjọ́ náà, bí Tísà bá gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùdá, ó ṣì máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ó ń kọjú sí títì. Ìyá Fọláṣàyọ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di òwe. Tísà wá fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ará ilé léèrè ẹni tó gbé e. Màmá kò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ní, "Bàbá Fọláṣàyọ̀, ẹ tú ọ̀rá ẹnu táńkì ná." Tísà gbé ọwọ́ sórí, ó bá fìlà níbẹ̀.

Òwe náà nìyẹn: kí o tó pe mẹkáníìkì lólè, tú ọ̀rá ẹnu táńkì rẹ ná. Bí nǹkan kan bá ń bàjẹ́ léraléra mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, tí ó ń nàka sí ìyàwó, sí ọmọ, sí òṣìṣẹ́, sí aládùúgbò, tí kò sì fìgbà kan yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò, àwọn àgbà Àgọ́-Ọ̀sán a pa á fún un. Wọn kò ní kó má fura. Wọ́n ní kí ó ti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó fa ọmọ ọlọ́mọ dé ìdí irin.