Afárá Tí Gbádébọ̀ Dúró Lé

Ọmọ ìyá kan náà ni Fadérera àti Gbádébọ̀, ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n. Nígbà tí bàbá wọn kú, Fadérera fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kí àbúrò rẹ̀ lè kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbádébọ̀ mọṣẹ́ náà. Èmi tí mo bá a ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí sí i. Àmọ́ kò gbà pé ẹlòmíràn mọ nǹkan kan, àlébù rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Fadérera pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọdún yẹn ni àyè ìkẹyìn fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìṣẹ́yìn, Gbádébọ̀ ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ibẹ̀ fún.

Ó gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì sínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, ó sì fi ètò dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú rẹ̀, èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Inú ti inú yìí ni ìbéèrè ìdánwò wà. Kí àwọn ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn tó lè rí i, ó ku ohun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní afárá: Gbádébọ̀ yóò so okùn nẹ́tíwọọ̀kì mọ́ afárá náà, lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò sì kó àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ńlá, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ yòókù fi ń kàn án, kúrò lára okùn sórí afárá. Kọ̀ǹpútà inú yóò wá dà bí ayálégbé tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì.

Kò ṣe é tán kó tó padà sí Ìbàdàn. Ó ti ilẹ̀kùn irin yàrá náà, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sápò. Alàgbà Oyèdòkun tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ní, “Ẹ̀njiníà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. A kì í mọ̀.”

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Láti Ìbàdàn ni màá ti parí ẹ̀.”

Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó ku wákàtí kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Gbádébọ̀ gba orí nẹ́tíwọọ̀kì wọnú kọ̀ǹpútà náà láti Ìbàdàn. Fadérera pè é.

“Gbádé, mo ti jókòó o. Nǹkan kan ò tíì jáde lójú ẹ̀rọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Ìkánjú mú un. Ó so okùn mọ́ afárá kó tó kó àdírẹ́sì síbẹ̀. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ dúró gbagidi. Okùn tó so yẹn ni òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ okùn tí a bá ti so mọ́ afárá, àdírẹ́sì ara rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìṣẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò sí àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè fi kàn án mọ́.

Ó pe Alàgbà. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ yàrá yẹn.”

“Ẹ̀njiníà, ọ̀dọ̀ yín ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà.”

Ó wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn sí Ìṣẹ́yìn kì í ṣe ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn olùdánwò dúró títí, ó sú wọn. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tó dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ ìlà àṣẹ kan péré tó kó àdírẹ́sì sórí afárá. Ìbéèrè kìíní jáde lójú gbogbo ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn tó ti ṣófo. Fadérera nìkan ló ṣì jókòó. Ó rọra ka ìbéèrè náà.

“Mo mọ ìdáhùn ẹ̀,” ló wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Títí dòní, kò bú àbúrò rẹ̀, aṣọ ló ṣì ń fọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà iṣẹ́ wa, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé: ẹni tó dúró lórí afárá kì í yọ pákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.