Ìdí Tí Ọlọ Fi Ń Dúró De Ọmọ Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun èlò ilé ṣì ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, ojú ọlọ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní. Kò sí kòtò kankan láàárín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọlọ òde òní lè máa jiyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọlọ àgbà kan wà ní ìlú Agbédè. Ó ti lọ ata, ó ti lọ ẹ̀wà, ó ti lọ ẹ̀gúsí fún ìyá ilé kan àti fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó bímọ. Ọmọ rẹ̀ ni òkúta kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti fi lọ nǹkan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọ ọlọ. Orí ìyá rẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ń jí. Bí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́, ìyá a máa pìtàn, ọmọ a máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìlú rí i pé àwọn ọmọdé kò mọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé ayé mọ́. Wọ́n kọ́ ilé ńlá kan, wọ́n pè é ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ jọ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa wá kọ́gbọ́n lára wọn. Wọ́n fi Bàbá Bámgbélú ṣe olùtọ́jú ibẹ̀.

Bàbá Bámgbélú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìmọ́tótó rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bó bá gbálẹ̀ tán, yóò tún nu ìgbálẹ̀. Ó ní nǹkan ńlá kò gbọdọ̀ bá nǹkan kékeré jókòó. Ó to àwọn ńlá sí yàrá iwájú, ó fi àwọn gígùn ti ògiri, ó sì kó àwọn kékeré lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bó ṣe gbé ọmọ ọlọ kúrò lórí ìyá rẹ̀ nìyẹn, tó lọ tò ó sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti ìrànwú.

"Bàbá, ọmọ mi nìyẹn o!" ni ọlọ ké.

"Mo gbọ́," ni Bàbá Bámgbélú dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó kéré. Ẹ̀yìn ni àyè àwọn kékeré wà."

Ó na okùn yí gbogbo wọn ká, ó sì ṣòfin: "Ẹ fojú wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Odó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ gbìyànjú láti tù ú nínú. "Ṣe sùúrù, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé o rí ọmọ odó mi? Àárín àwọn ọ̀kọ̀ ni wọ́n tò ó sí. Ó ti ń ṣe bí ológun. Mo kí i lánàá, kò dá mi lóhùn." Odó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ọmọ iléèwé ń wá. Wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á dúró lẹ́yìn okùn. Ọlọ á pìtàn fún wọn títí. Wọ́n á wò ó, wọ́n á yán, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ìgbà tí wọn yóò lọ sílé. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn ọmọ yìí fojú bà á, síbẹ̀ kò tó wọn.

Bí wọ́n bá ti lọ, ilé á dákẹ́. Oòrùn ọ̀sán á gba ojú fèrèsé wọlé, á tàn sí ojú ọlọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ọlọ á pè: "Ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Ìyá mi," ni ohùn kékeré á dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ọlọ pè é títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn ún wọra. Ó ní, "Bí ọmọ mi kò bá dáhùn mọ́, kí ni mo fẹ́ fi ẹnu ṣe? Mo fi ilẹ̀ búra, n kò ní fọhùn mọ́, àfi bí ọmọ mi bá wà lórí mi."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ilẹ̀ búra ká tún yí i padà. Láti ìgbà náà ni ọlọ ti dákẹ́. Nígbà tí odó kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, òun náà dákẹ́. Ìkòkò dákẹ́, ọkọ́ dákẹ́. Àwọn ọmọ kò wá mọ́, koríko sì bo ọ̀nà Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé.

Baálẹ̀ ìlú wá bínú. "Iṣu wa kò ríbi sùn, òkúta ń sùn nínú ilé! Lọ́la, ẹ fi àwọn ńlá dí ojú àgbàrá, kí ẹ da àwọn kékeré sódò. Iṣu ni a ó kó síbẹ̀."

Ọlọ gbọ́. Ìyá nínú àgbàrá, ọmọ nínú odò: wọn kò ní fojú kan ara wọn mọ́ láéláé nìyẹn. Ó fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ó ti búra.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà Fadérera kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá kí wọ́n lè wo ilé náà nígbà ìkẹyìn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Àsàbí. Kò wo odó, kò wo ìkòkò. Ọlọ ló tẹjú mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ rẹ̀ dà?"

"Ọmọ ta ni?" ni Bàbá Bámgbélú bi í.

"Ọmọ ọlọ ni, sà. Bí ìyá àgbà bá rán mi lọ yá ọlọ ní ilé kejì, wọ́n máa ń ní kí n gbé tìyá tọmọ wá. Wọ́n ní ẹni tó bá dá ọlọ padà láìsí ọmọ, kò tíì dá nǹkan kan padà."

Bàbá Bámgbélú rántí. Ìyá tirẹ̀ náà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un nígbà tó wà ní kékeré, títo nǹkan ló jẹ́ kó gbàgbé. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó wá ọmọ ọlọ láàárín ìlẹ̀kẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀. Ó já okùn, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lórí.

"Ẹ sáré lọ bu ata wá," ni Tíṣà wí fún àwọn ọmọ. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sáré jáde.

Wọ́n kúnlẹ̀ lọ ata lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ń ta wọ́n, ikun ń ṣàn nímú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ la ẹnu kó pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Hùrù, hàrà, hùrù, hàrà ni ohun tó jáde. Ó ti dákẹ́ pẹ́ jù, ohùn tó fi búra kò padà mọ́, èyí nìkan ló kù fún un. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ṣe ń gbọ́ hùrù hàrà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn ìyá àgbà tirẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ ariwo láti ààfin, ó wá wò ó. Ó rí bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ ata, tí wọ́n ń pìtàn, ó ní, "Ó dára, kí iṣu wá ibòmíràn sùn."

Àwọn ọmọ abúlé tó jìnnà ńkọ́, àwọn tí kò lè rìn dé Agbédè? Bàbá Bámgbélú ní òun yóò máa fi apẹ̀rẹ̀ gbé àwọn ohun àtijọ́ tó fúyẹ́ lọ sí iléèwé wọn, kí wọ́n lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ọlọ kò ṣeé gbé, ó wúwo jù. Ọmọ ọlọ ṣeé gbé.

"Ìyá, ṣé kí n mú un lọ?" ni Bàbá bi í. Ọlọ kò lè dáhùn, Bàbá sì gbé ọmọ náà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ náà ló fi dá nìkan wà, ẹ̀rù sì ń bà á pé ti àtijọ́ tún ti dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni apẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọ ọlọ gbóná fún ọwọ́ àwọn ọmọdé, ó ń ta òórùn ẹ̀pà tí wọ́n jẹ níléèwé. Ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ọkàn ìyá rẹ̀ rọ̀.

Bí àwọn ọmọ ti ń lọ ata lórí rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń jókòó sójú kan náà, àárín ọlọ ń jẹ wọnú díẹ̀díẹ̀, bí itan ìyá tó gbé ọmọ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni ọlọ kì í ti í fọhùn àfi bí ọmọ rẹ̀ bá wà lórí rẹ̀, tí àárín rẹ̀ sì ti di kòtò. Bí ẹ bá dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ẹ bá ọlọ níbẹ̀ tí kò sí ọmọ lórí rẹ̀, ẹ má sọ pé ọmọ náà sọnù. Iléèwé ló lọ. Ẹ fi ọwọ́ yín sínú kòtò náà díẹ̀, kí ẹ bá ìyá rẹ̀ dúró dè é.