Nọ́ọ̀sì Tó Yá Ọ̀nà Ìwádìí Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Lò

Ọkùnrin kan wà, nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà létí ọ̀nà oko ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó padà sí yunifásítì, wọ́n sì ní kó ṣe ìwádìí kan kó tó gboyè. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó fẹ́ wádìí. Àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í lò ó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá méjì nínú wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ oògùn náà ṣe ń rí lára àwọn tó ń gbé e lọ sílé.

Ọ̀nà tí yóò gbà wádìí rẹ̀ ni kò mọ̀. Ó wá rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, tó fi oṣù mẹ́ta jókòó sí wọ́ọ̀dù, tó ń wo bí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ṣe ń fa aláìsàn lé àwọn tó ń wọṣẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó rí ló kọ sílẹ̀, àwọn olùkọ́ sì yìn ín gan-an. Ọkùnrin yìí ní ọ̀nà tó gbe ọ̀rẹ́ òun, yóò gbe òun náà.

Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń kọ ọ́: ìyá yìí dé láago méje, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó gba oògùn, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìwé kún. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rí ohun kan níbẹ̀ tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ rò pé bóyá òun ni kò mọ̀ ọ́n wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ṣe epo pupa gba oògùn tirẹ̀ tán, ó wá dúró síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti ń wò mí láti oṣù tó kọjá. Ohun tí o ń wá kò sí lójú mi. Ṣé o kò lè bi mí ni?"

Ọkùnrin náà pa ìwé dé. Ó fún ìyá ní àga, ó bi í bó ṣe ń rí fún un látìgbà tí wọ́n ti ní kó máa lo oògùn. Ìyá náà sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan. Ó ní kò sí ibi tó ń dun òun. Àmọ́ látọjọ́ tí àwọn ọmọ òun ti rí ike oògùn lọ́wọ́ òun, wọn kò jẹ́ kí òun sún mọ́ ìdí epo mọ́, wọn kò jẹ́ kí òun pọn ọmọ-ọmọ òun. Omi ìwẹ̀ pàápàá, ìyàwó ọmọ òun ló ń pọn ọ́n fún òun.

Ó ní, "Oògùn yìí ló sọ mí di aláìsàn. Mo bá kó o pamọ́ sínú agolo, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí n dá a dúró. Ọjọ́ kejì ni mo padà sídìí epo mi."

Ọkùnrin náà lọ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ yí ọ̀nà padà. Ilé wọn ló ti lọ bá àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà tó bi ìyá elépo ló ń bi wọ́n, á sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn fara jọ ti ìyá elépo. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí àwọn ọmọ pẹ̀lú àwọn òbí wọn, wọ́n ń ṣàlàyé fún wọn pé nítorí kí ìyá wọn lè máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún un lóògùn. Ìyá elépo ń lo tirẹ̀ lójú gbogbo ilé báyìí, á sì dìde lọ sídìí epo. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀.

Arábìnrin mi, ìwé ọ̀nà ìwádìí mẹ́rin ni o kó wá bá mi nítorí ìwádìí tìrẹ, o ní kí n bá ọ mú èyí tó dára jù. Gbogbo wọn ló dára. Ọ̀rẹ́ ọkùnrin yẹn kò ṣì í: ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ló fẹ́ mọ̀, ojú sì tó láti rí i. Bí nǹkan ṣe ń rí lára ènìyàn ni ọkùnrin yẹn ń wá, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn nìkan la sì ti lè gbọ́ ìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n torí rẹ̀ yin ẹlòmíràn kò kàn ọ́. Fi àwọn ìwé yẹn sílẹ̀ níbí. Lọ kọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kí o wá kà á fún mi lọ́la. Òun ni yóò sọ èyí tí a ó ṣí nínú wọn.