Ikọ́ Tí Tíṣà Láoyè Kò Gbọ́

A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Tíṣà Láoyè mọ òwe yìí. Ó ti fi í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé rí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ògbólógbòó mọ́tò eléré ìje kan tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń tún un ṣe. Ó ha gbogbo ibi tó dógùn-ún, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ẹ́ńjìnì ló kù, tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Tíṣà á fi irin gbọọrọ kàn án, á tẹ etí mọ́ ìdí irin náà kó lè gbọ́ ibi tí ikọ́ ọ̀hún ti ń wá.

"Bàbá Jọláadé, àyà ń dùn mí," ni Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ wí lójú fèrèsé, ikọ́ sì gbé e. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Mọ́tò yìí la ó gbé lọ. Pa ikọ́ yẹn mọ́ra ná, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì ń sọ."

Láti ọjọ́ náà, Àyọ̀ká ń fi ìborùn di ẹnu wúkọ́.

Ẹ́ńjìnì pàpà gbọ́ràn, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tíṣà sáré wọlé. "Àyọ̀ká, bọ́ síta, ó ti ṣe tán!"

Àyọ̀ká ti kú lórí ibùsùn, ìborùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Títí dòní, bí Tíṣà bá wa mọ́tò náà jáde, á pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, á tẹ́tí sí ìjókòó kejì.