Àkùkọ àti Ipa Ìgbín Lára Ògiri

Nígbà láéláé, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú ṣùgbọ́n tí kò rọ̀, Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń kọ lóòjọ́, kí aráyé lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Àwẹ̀ró amọ̀kòkò jí. Ó dáná sun ìkòkò omi tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ wo Àkùkọ. Ìdí ògiri ló lọ.

"Ìgbín mi, iná ti ràn o. Máa gùn ún lọ."

Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í gun ògiri, ipa funfun ń tẹ̀ lé e. Bí ipa náà bá ti gùn dé ojú fèrèsé, ìkòkò ti jiná nìyẹn.

"Ìwọ nìkan lo mọ bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé agbè, ó gba odò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ta Àkùkọ lára. "Ṣé ohun tó ń fàyà wọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní 'Ìgbín mi'? Èmi tí mò ń jí gbogbo ìlú ńkọ́?"

"Má bínú," ni Ìgbín wí. "Ìwọ lo mọ ìgbà tí iná ràn. Èmi ń wo bó ṣe pẹ́ tó. Iṣẹ́ wa ò jọra."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, a-rulé-kiri! Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì."

Àkùkọ fi ẹnu já a lulẹ̀, ó sì fi ìyẹ́ nu ipa rẹ̀ kúrò pátápátá.

Àwẹ̀ró dé. "Ìgbín dà? Báwo ni iná yìí ṣe pẹ́ tó?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ bi, Ìyá! Àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹ dá a."

"Mo mọ̀yẹn. Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Ọ̀sán… ọ̀sán ti ń bọ̀." Àkùkọ wòkè, kò rí oòrùn. Ojú ń tì í, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe Ìgbín. "Ó ti pẹ́ gan-an! Ẹ gbé ìkòkò kúrò nínú iná."

Àwẹ̀ró gbé e. Nígbà tó tutù, ó da omi sí i. Ìdí ìkòkò rọ̀, ó padà di amọ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó ti amọ̀ náà, ó ń sunkún.

Àwẹ̀ró he Ìgbín nílẹ̀, ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó sì tún gbé e sára ògiri. Ó wá kọjú sí Àkùkọ.

"Ṣé o fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó? Ó dáa. Máa kọ, kí o tún kọ, kí o tún kọ. Àárín igbe rẹ la ó máa fi mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ ti ń kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo ara ògiri, bóyá ẹnìkan ń gùn ún.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wò ó. Ìgbín ti gùn dé ìdajì.

Àkùkọ na ọrùn, ó kọ.