Igi Tí Onílé Gbé Pamọ́ Nítorí Káfíńtà

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìlẹ̀kùn. Bí òrùlé bá ń jò, á wò ó, á sì kí onílé kú ewu òjò. Bí ògiri bá sán, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Káfíńtà onílẹ̀kùn ni. Ó kọ́ṣẹ́ náà dáadáa, kò sì sí ìlẹ̀kùn tó fọwọ́ kàn tí kò padé mọ́ férémù bí ètè ṣe ń padé mọ́ ètè.

Onílé kan ránṣẹ́ pè é. Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá onílé ń gbé. Ìyá náà ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ikán sì ti jẹ férémù ìlẹ̀kùn tó fi ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà mìíràn ìlẹ̀kùn náà á há, ìyá á sì máa gbá a títí ẹnìkan yóò fi gbọ́. Ohun tó ń ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ kan, ẹni tó máa gbọ́ lè má sí nílé.

Káfíńtà mọ ìwà hù. Kó tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé yìí ní àléébù kankan?"

Onílé nà ró ṣánṣán. "Àléébù kẹ̀? Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ìjì tó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ yẹn, ó yà kí wa níbí ni, ó bá tirẹ̀ lọ."

Ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí. Ó ní, "Baálé mi, ti ìdí ògiri yẹn ńkọ́..."

"Ìyàwó, ọ̀fun àlejò ń gbẹ. Lọ bu omi wá."

Obìnrin náà lọ bu omi wá. Káfíńtà mu ún. Omi náà tutù. Kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

Ohun tó fẹ́ sọ nìyí. Láti ìgbà tí òjò ti jẹ ìdí ògiri yàrá ìyá ni onílé ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó gé igi ayín kan tó nípọn, ó fi gbé ògiri ró láti ìta. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, á po amọ̀, á fi dí ìdí ògiri. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè tọ́jú ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé káfíńtà ń bọ̀, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó yọ igi náà, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àlejò ló ń bọ̀. Ta ló sì máa ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀?

Káfíńtà ti irin bọ abẹ́ férémù, ó fà á. Férémù tí ikán ti jẹ yẹn nìkan ló kù tó ń gbé ògiri dúró. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí eyín ọmọdé. Ògiri rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síta. Káfíńtà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ògiri wó lulẹ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, eruku pupa bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń wo oko àgbàdo aládùúgbò. Ó ní, "Ìlẹ̀kùn tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣe, mi ò ní kó tóbi tó báyìí."

Onílé gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Ó sọ fún káfíńtà pé, "Mo rò pé bí ẹ bá rí igi yẹn, ẹ ó ní ilé wa ti ń kú lọ, ẹ ó sì gbé irinṣẹ́ yín, ẹ ó máa lọ."

Káfíńtà ní, "Lọ sí ibo? Ká ní mo rí i ni, ǹ bá fi igi mìíràn kún un kí n tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn."

Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ilé rẹ̀ ní àléébù. Ohun tó ń béèrè ni pé, "Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ilé yìí tó fi dúró dáadáa báyìí?" Onílé á mú un yí ilé ká. Kò sí igi tí kò ní fi hàn án, á tún sọ inú igbó tó ti gé e.

Ìwọ tí ò ń kọ́ iṣẹ́ eyín, ìwọ ni mo ń bá wí. Lọ́la, bàbá kan á jókòó sórí àga rẹ, á fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wàá bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ní àìsàn kankan?" Á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àìsàn ò mọ ilé mi." Má pè é ní òpùrọ́. Àlejò ni ọ́ lójú rẹ̀. Ó ti gbé igi rẹ̀ pamọ́ kó tó dé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sì la ẹnu, má rán an lọ gba káàdì.

Bi í pé, "Bàbá, oògùn wo lẹ máa ń lò? Ṣé ẹ lò ó láàárọ̀ yìí? Kí lẹ jẹ?" Nígbà náà ni wàá gbọ́ pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kò lò ó lónìí, torí ó rò pé oògùn náà àti abẹ́rẹ́ eyín lè bá ara wọn jà nínú ara òun. Wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó o tó mú irin. Bó bá ga jù, fún un ní ohun tó máa dín ìrora náà kù, kó lọ rí dókítà rẹ̀, kó sì padà wá. Eyín náà kò ní sá lọ. Ìyá tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ á ní òun ti lo oògùn àtọ̀gbẹ, àmọ́ eyín kò jẹ́ kí òun fẹnu kan oúnjẹ. Ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí ìwọ á rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Fún un ní omi ṣúgà nígbà tó ṣì lè gbé e mì, kó o sì pe ọ̀gá rẹ. Ẹnìkan á tún wà tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ọkàn rẹ̀. Má sọ fún un pé kó dá a dúró láìbá dókítà tó kọ ọ́ fún un sọ̀rọ̀. Igi tó gbé ògiri ró nìyẹn.

Mi ò ní kó o lé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo ní kó o fi igi kún igi ni. Òtítọ́ ni pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n pè ọ́ wá ṣe. Ṣùgbọ́n kó o tó fa férémù, rántí pé ìyá ẹnìkan wà nínú yàrá.